Ìkòkò Irin tí Ó Gba Ìwọ̀n Ìdára

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo ọ̀pẹ rẹ̀ létí odò. Ọmọ́wùmí àbúrò mi ṣì wà láyé. Kò sí ẹni tí púpurú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo Erinje, bí ó bá gbé e sórí iná, èéfín rẹ̀ á máa pe èèyàn láti ojú títì. Bàbá Philemon tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì wà láyé. Aníwúrà eléèédú náà ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Ìdáraolúwa, ọmọ ọmọ mi, sì wà láyé, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń sọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ó kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè lójú ọ̀sán gangan.

Eunice ọmọ mi ló bí Ìdára, ṣùgbọ́n ilé mi ló ti dàgbà. Láti kékeré, kò sí ohun tí kì í tú wò. Ó tú rédíò bàbá rẹ̀ àgbà, ó tú àtùpà mi, ó sì tò wọ́n padà, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó parí, ó padà wá sọ fún mi pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa ya ẹ̀rọ ńláńlá kí àwọn ajórin tó jó o pọ̀.

"Yíyà lásán?" ni mo bi í. "Wọ́n á wá máa sanwó fún ọ nítorí pé o ya nǹkan?"

"Ìyá Àgbà, ṣé aránṣọ tí kò wọ̀n yín ni yóò rán bùbá fún yín?"

"Gbẹ́nu sóhùn-ún. Ẹnu rẹ mú ju abẹ lọ."

Ọ̀gá Benedict ló pè é pé kó wá dánra wò. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó ti Òkìtìpupa lọ sí Ìlútitun, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo àti èyí tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún náà, àwọn olóko ọ̀pẹ kan wá láti Akotogbo, wọ́n ní ìkòkò irin kan ni àwọn ń wá, èyí tí yóò máa fi ooru omi se ẹyìn tó kún ọkọ̀ típà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà, àfi kí a ṣe é. Wọ́n sì ní àwọn kò ní gbà láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ rí i nínú àwòrán, inú àti ẹ̀yìn.

Adéríbigbé ni olórí àwọn ajórin níbẹ̀. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ mi ló ti jẹun. Ṣọ́ọ̀kì ló fi máa ń ya ẹ̀rọ sórí síméńtì, á rìn yí i ká, á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí wọ́n gé irin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún epo nílẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá máa fi ẹnikẹ́ni ṣe ayàwòrán ẹ̀rọ níbẹ̀, òun ni.

Ọ̀gá Benedict ní kí àwọn méjèèjì ya ìkòkò náà, kí àwọn ará Akotogbo wá mú èyí tó wù wọ́n. Adéríbigbé ya tirẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìdára ṣí kọ̀mpútà rẹ̀, ó ń yí ìkòkò náà bí ẹni ń yí ọsàn lọ́wọ́, ó la inú rẹ̀, ó fi awọ irin méjì tí ó ní hàn, ọ̀kan nínú èkejì, ó tún un dé. Olórí àwọn ará Akotogbo wo kọ̀mpútà, ó wo ilẹ̀, ó ní:

"Ọ̀gá ajórin, tìrẹ yìí dára o. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ gbé e délé? Ṣé kí a hú ilẹ̀ yìí ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Adéríbigbé náà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Ìdára, ó ní, "O kú oríire. Ọmọ ilé wa ló jẹ ẹ́, kò bọ́ síta." Susan ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ọjọ́ náà, bí ọkọ òun bá ń jẹun, á kàn gbé òkèlè dúró lẹ́nu, á ní, "Ṣé kí a hú ilẹ̀ yìí ni?" Lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé e mì.

*

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìkòkò náà ní ilẹ̀kùn kékeré kan nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni èèyàn yóò máa gbà wọlé lọ ha inú rẹ̀ tí epo bá ti dì mọ́ ọn. Ọ̀gá Benedict bi Ìdára bóyá àgbàlagbà yóò lè dùbúlẹ̀ kí ó rá kọjá níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ìdára bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí síméńtì, ó kó apá mọ́ àyà, ó ké sí Adéríbigbé.

"Bàbá Adé, ẹ bá mi fi téépù wọ̀n mí. Èjìká dé èjìká, orí dé ẹsẹ̀. Kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà mí ká. Ìwọ̀n mi ni a ó lò."

Ariwo òòlù dákẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọn èèyàn lórí ìdùbúlẹ̀. Káfíńtà tí ń kan pósí ni, ẹni tí ó ń wọ̀n kì í sì í dìde mọ́. Àwa tí a dàgbà, bí aránṣọ bá tilẹ̀ fi okùn wọ̀n wá lórí ìdúró, a kì í kúrò níbẹ̀ tí kò bá tú okùn náà lójú wa.

"Dìde," ni Adéríbigbé wí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. "Dìde nílẹ̀, Ìdára. A kì í ṣe é."

"Háà, Bàbá Adé! Láyé kọ̀mpútà yìí? Ẹ ti ń darúgbó jù o."

Àwọn ajórin tún rẹ́rìn-ín. Adéríbigbé wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fi téépù wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fa ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ó rọra ṣe é, bí ẹni ń pa ewé mọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Nígbà tí Ìdára dìde, àwòrán rẹ̀ kù sílẹ̀. Omi ló yẹ kí ó dà sí i, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù, ó jáde lọ gbọ́ ọ, ó gbàgbé.

Adéríbigbé mú búrọ́ọ̀ṣì ìgbálẹ̀, ó gbá ṣọ́ọ̀kì náà jọ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó fi sápò. Àwọn tó rí i rò pé ó ń tún ilẹ̀ ṣe ni.

*

Ẹ̀yìn Osooro, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ni Aníwúrà ti ń jó èédú. Òkìtì ilẹ̀ tó ń rú èéfín ló yí ahéré rẹ̀ ká, ara òun fúnra rẹ̀ sì ti rí bí eérú. Kì í ṣiṣẹ́ òru. Á ní àwọn tí iṣẹ́ wọn kò dá lójú ló ń fi òkùnkùn bojú; iṣẹ́ tòun, ìgbà tí òjìji bá sá sábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn ni.

Susan ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èédú ni ó rò pé àwọn fẹ́ rà. Aníwúrà gba ọ̀rá ṣọ́ọ̀kì náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ni ín?"

"Ọmọ ilé wa ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Bí kò bá ṣe ọmọ ilé yín, kò ní dùn ọ́ tó báyìí. Kí lo fẹ́?"

"Kí ó kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe kí ó kú o! Kí ó kàn kúrò níbẹ̀."

"Kí ó kúrò níbẹ̀ lọ sí ibo?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ dún bí ewé gbígbẹ tí iná mú. "O ò mọ ibi tí ó ń lọ, o ní kí n mú un lọ." Ó bu nǹkan dúdú kan mọ́ ṣọ́ọ̀kì náà, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i, ó dì í. "Awọ méjì ni ìkòkò yín ní, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Adéríbigbé sún sẹ́yìn. Kò tíì dárúkọ ìkòkò kankan.

"Sọ ọ́ sáàárín awọ méjèèjì, kí o jó ẹnu rẹ̀ pa. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi jó o. Má wẹ̀yìn wò."

Susan ní nígbà tí àwọn ń lọ, òun wẹ̀yìn wò. Ó ní Aníwúrà dúró láàárín oòrùn, kò sí òjìji kankan lábẹ́ rẹ̀.

*

Ọjọ́ tí Adéríbigbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó awọ ìkòkò náà pa, Ìdára délé tọ̀sán-tọ̀sán, ó ní etí òun dí bí etí ẹni tó wọ abẹ́ omi. Ó mu omi, ó tún mu, ó mu èyí tó kù nínú ìṣà. Ajá wa tí ó máa ń fò mọ́ ọn wò ó, ó jáde, ó lọ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, kò sì wọ ilé yẹn mọ́. Adìẹ tó ń sàba nínú yàrá rẹ̀ fi ẹyin sílẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo ń gbàdúrà sínú.

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ ní ìkejì.

Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń gún èròjà ọbẹ̀ marúgbó, mo gbọ́ tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Mo ké sí i: "Ìdára, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá Àgbà."

Èmi nìkan ni, Ìyá Àgbà. Ohùn kejì tún un wí, ó jìnnà, ó ń dún bí ẹni wà nínú àgbá. Láti inú àyà rẹ̀ ló ti wá. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ mi.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà jẹ́jẹ́ kan gbé ohun ìgbọ́ràn rẹ̀ sí i láyà, ó yọ ọ́ létí, ó wò ó, ó tún gbé e sí i. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí a máa fún un lómi. Ṣé omi ni kò mu?

Kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Orí ibùsùn ló wà, bí ọ̀sán bá sì ti ń kan orí, ara rẹ̀ á máa ta, á di ìhà mú, á ní, "Yéè, wọ́n ń lù mí." Ibi tó dì mú á wú, á dúdú. Eunice ló lọ kó ẹrù rẹ̀ níbi iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti fóònù mi, ó ní, "Ìyá, mo ti kó o. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ dáadáa, wọ́n ń lu ìkòkò tí Ìdára yà."

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mo gbọ́ òòlù nínú fóònù, gbàù! Ọmọ tó wà lórí ibùsùn fò sókè.

"Eunice. Ní kí wọ́n dúró."

Wọ́n dúró. Ìdára mí kanlẹ̀.

"Ní kí wọ́n lù ú ẹyọ kan."

"Ìyá, kí ló dé?"

"Ní kí wọ́n lù ú!"

Gbàù. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ta, ohùn méjèèjì ké pọ̀. Mo pariwo sínú fóònù pé kí wọ́n má lù ú mọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Mo gbọ́ tí Eunice ń sunkún láàárín àwọn ọkùnrin, tí wọ́n ń bi í pé, "Màmá, kí la ṣe?" Kí ni yóò sọ fún wọn?

*

Adéríbigbé ni Ọ̀gá Benedict ní kí ó parí iṣẹ́ náà. Ó dé ipò tó fẹ́, ó jókòó sórí àga tó fẹ́. Susan ní oúnjẹ kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní òun bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́ pé bí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, tí ó bá ku òun nìkan, òun máa ń gbọ́ èémí nínú ìkòkò náà. Ó ní òun gbé ọwọ́ lé irin náà, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, kò sí nínú oòrùn, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó ní òun gbé etí sí i.

"Kí lo gbọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ní, 'Bàbá Adé, ibí há.'"

*

Eunice gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Joel, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí òun ń lọ. Wọ́n tan àbẹ́là yí i ká. Bí Wòlíì ṣe gbé agogo ọwọ́ tí ó fẹ́ mì í, ara Ìdára gan, ó sì gbé agogo náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó di ojú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó là á, omi ń bọ́ níbẹ̀.

"Mo rí i nínú ilé kan tí kò ní fèrèsé. Ẹ ṣí i fún un. Ìyá Ìdára, ẹ tètè ṣí i."

Èmi náà kò jókòó. Mo lọ sọ́dọ̀ Àjíṣafẹ́ tó ń ta egbò igi ní Ìlútitun. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í tan aláìsàn jẹ. Ó tẹ̀ lé mi wá sílé, ó fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ mi: omi náà dún ṣàà lára ọmọ náà, ó gbẹ kó tó kan ilẹ̀. Àjíṣafẹ́ ju igbá sígbó.

"Màmá, ẹ̀mí ọmọ yín ti di ooru nínú irin. Ẹni tó bá gé irin yẹn, ó tú u sáfẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná gé e. Ẹ gbọ́? Ẹnikẹ́ni."

"Wòlíì ní kí a ṣí i."

"Wòlíì rí ohun tó rí. Èmi náà ti sọ tèmi."

Ilé wa dàrú. Eunice ní ọ̀nà Ọlọ́run ni kí a tọ̀, mo ní ṣé Ọlọ́run ló ní kí a tú ọmọ dànù bí èéfín. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa á." Mo ní, "Èmi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n?" A ń pariwo lórí ọmọ náà bí ẹni ń jà sí ẹrù ní gáréèjì, ó sì ń wò wá. Òun ló pa wá lẹ́nu mọ́.

"Màmá mi. Ìyá Àgbà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo yà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e."

Bí Ọ̀gá Benedict ṣe wá kí i, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bí i. Mo ní kí ó bá mi fi ìkòkò náà sílẹ̀, kí ó má gbé e fún ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn olówó rẹ̀ ti mú tírélà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá wọn sọ tí wọ́n á gbọ́."

"Ó dáa, ṣé wàá ṣe ẹyọ kan fún mi? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná gé e. Ẹni yòówù kó jẹ́."

Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì Eunice, ó búra. Ẹni tí kì í yẹ àdéhùn ni.

*

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ìkòkò náà, Adéríbigbé wá kí i. Ó ra búrẹ́dì dání. Kò tíì wá láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Mo rò pé ojú ń tì í ni, nítorí pé ó ti gba ipò rẹ̀. Ìyẹ̀wù ṣókùnkùn díẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí ọmọ náà wà lórí ibùsùn. Ọmọ náà ti gbẹ tán.

"Bàbá Adé," ni Ìdára wí.

Bàbá Adé, ni ohùn kejì wí. Ibí há.

Búrẹ́dì bọ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó gbá àmù omi dànù, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo ń wo eruku rẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ó lọ́wọ́ sí i. Mo sáré tẹ̀ lé e, ọ̀kadà rẹ̀ ti jìnnà.

Ọ̀dọ̀ Aníwúrà ló lọ. Susan ní ó dọ̀bálẹ̀ sínú eérú, ó ní kí ó gba òun, kí ó tú u.

"Ìwọ kọ́ lo ní kí ó kúrò níbẹ̀? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ ni?"

"Bàbá, mo ní kí ó má kú!"

"Kò tíì kú. Kò ní kú, títí iná yóò fi wọ abẹ́ ìkòkò yẹn. Bí o bá fẹ́ ẹ padà, ọwọ́ tó jó o pa ni kí ó là á, ọwọ́ náà nìkan, kí iná tó dé. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án." Ó yíjú sí èédú rẹ̀. "Lọ ṣe é, o ò rí i pé kò le?"

*

Àárọ̀ kùtù ni Adéríbigbé dé ibi iṣẹ́. Wọ́n ti gbé ìkòkò náà lọ. Ó di agolo gáàsì àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin mọ́ ọ̀kadà, ó forí lé Akotogbo. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Bí ó bá yà! Òun nìkan ló mọ ohun tí Aníwúrà sọ, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi Susan, tí kò lè ṣe ju kí ó máa sunkún nílé lọ.

Ọ̀gá Benedict ló sọ ti Akotogbo fún mi, ní ọjọ́ ìsìnkú. Ó ní wọ́n ti gbé ìkòkò náà ka orí àdìrò, ẹyìn ti kún inú rẹ̀, igi ti wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn pé jọ tọmọdé tàgbà. Ni Adéríbigbé bá já wọ àárín wọn, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku, ó ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, òun fẹ́ la ìkòkò náà.

"Kí la ṣe fún ọ?" ni olórí wọn bi í.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n là á! Ọmọ wà nínú rẹ̀!"

Wọ́n yọjú wo inú ìkòkò. Ẹyìn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan láàárín wọn mọ̀ ọ́n, ó ní, "Àbí ẹ ò rántí rẹ̀ ni? Ẹni tí a fẹ́ hú ilẹ̀ rẹ̀ gbé lọ sílé nìyí!" Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ìlara ló ti yí i lórí, ó fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọbìnrin tó borí rẹ̀ jẹ́. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń dárúkọ Ọlọ́run, bí ó ṣe ń bẹ̀ tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Ó sáré sí Ọ̀gá Benedict, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ mí. Ọdún wo ni mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí n gé e."

Ọ̀gá Benedict ní àánú rẹ̀ ṣe òun. Ó ní òun pe fóònù Eunice, kò lọ. Iná kò sí ní Erinje láti ọjọ́ pípẹ́, fóònù gbogbo wa ti kú. Ó rántí ìbúra rẹ̀. Ó ní, "Adéríbigbé, Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má gé e. Ọmọ náà sì ní bẹ́ẹ̀." Àwọn ọkùnrin di Adéríbigbé mú lápá, wọ́n mú un jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kan. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣáná.

*

Èmi àti Eunice wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ara rẹ̀ tutù láàárọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n fún òun ní púpurú díẹ̀. Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́. Ọmọ́wùmí àbúrò mi rò ó wá, ó ń fẹ́ ẹ. Ìdára kò tíì jẹ òkèlè kan tán tí ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ìyá Àgbà, ó ń móoru."

Mo fi aṣọ tútù lé e lórí. Aṣọ náà gbẹ. Eunice bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ ń já. Oòrùn ń gòkè. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni òógùn ń bò ó, òógùn náà sì ki, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rùn bí ẹyìn tó jinná. Mo ń nù ún. Mo ń nù ún, ó ń yọ. Mo pe Jésù, mo pe orúkọ oríkì rẹ̀, mo pe àwọn tó ti lọ nílé wa pé kí wọ́n dì í mú fún mi. Kí ni àgbà tún lè ṣe? Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni a ṣe.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni ó bi mi. Ohùn kan ṣoṣo ni, tirẹ̀ gan-an. Ìkejì ti lọ.

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ìkòkò mi."

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni mo wí. Èmi kò mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ó mi orí. Ó mí, ó tún mí, èémí náà jáde lẹ́nu rẹ̀ funfun, ní ọ̀sán gangan, nínú ooru yẹn, bí èémí ẹni tó wà nínú ọyẹ́. Ó ròkè dé àjà. Eunice na ọwọ́ sí i, ó fẹ́ mú un padà, ó gun orí àga, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o mọ́ra, ó ń ké, "Ìdára, dúró! Dúró dè mí!"

Ìròyìn ikú kò tíì jáde nílé wa tí ọkọ̀ àwọn ará Akotogbo fi dé. Àṣà ni pé epo àkọ́kọ́, ẹni tó ya ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń gbé e fún. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan sọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, epo tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ṣì gbóná. Wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Màmá, ẹ kú oríire o! Ó ṣiṣẹ́! Níbo ni ọmọ wa wà, kí ó jáde wá tọ́ ọ wò!"

Ọjọ́ tí Ìdáraolúwa kú nìyẹn.